Ẹni Tó Ń To Ẹ̀rọ Pọ̀ Ní Fàktírì: Ṣé Mẹkáníìkì Náà Ni Àbí Kí Ni?

Ní January 2024, fídíò kan wà tó ń lọ lórí fóònù gbogbo èèyàn, bàálù tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí gbàgà lójú sánmà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, àwọn èrò jókòó pẹ̀lú nǹkan ọ́síjìn lẹ́nu, ìta sì ṣókùnkùn biribiri. Bàálù Alaska Airlines ni, Boeing 737 MAX 9, ó gbéra ní Portland l'Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 5 oṣù yẹn, èèyàn 177 ló wà nínú ẹ̀, Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnì kankan ò kú. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ìwádìí àkọ́kọ́ jáde ní February, ohun tí wọ́n rí ni pé bóòtù mẹ́rin tó yẹ kó di pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ bàálù níbi tó ṣí yẹn mú, kò sí níbẹ̀. Wọn ò já, wọn ò sì tú fúnra wọn. Bàálù kúrò ní fàktírì láìsí wọn ni.

Àǹtí mi kan fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí irú iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe nìyí? Ṣé mẹkáníìkì wọn ló gbàgbé bóòtù ni?" Mo ní, "Àǹtí, mẹkáníìkì kọ́ mà." Wọ́n ní kí wá ni. Mo fi fọ́ìsì nóòtì mẹ́ta ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, nígbà tó di ibi ìkómọ tó tẹ̀lé e wọ́n tún fà mí lọ́wọ́ wọ́n ní "ẹ wá wo ọmọ mi tó ń ṣe mẹkáníìkì." Mi ò bínú o, torí kì í ṣe àwọn nìkan, àwọn tó kàwé gan-an ò mọ ohun tí à ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Kí ni orúkọ iṣẹ́ yẹn túmọ̀ sí?

Nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni mechanical assembly technician. Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀. Mechanical ni gbogbo nǹkan tó jẹ mọ́ irin tó ń yí, tó ń fà, tó ń tì, ìyẹn ni pé ti wáyà àti iná ò sí lọ́rùn wa, ẹlòmíì ló ni ìyẹn. Assembly ni títò pọ̀, kí nǹkan wá ní ẹyọ ẹyọ, kó sì di odidi lọ́wọ́ ẹ, ohun tí àwọn ará ilé wa ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù ń pè ní "kọ́pù ẹ." Technician wá ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè ka àwòrán ẹ̀rọ, tó lè lo ohun ìwọ̀n, tó sì mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí.

Èmi pọ́ǹpù ni mo ń tò, irú èyí tó ń ti omi gba inú páìpù ńlá. Ẹ̀yà ẹ̀ ò pọ̀ lọ títí: ilé ẹ̀ tó jẹ́ irin dídà, ṣáfútì, ìyẹn ọ̀pá irin tó gba àárín kọjá, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti omi, bíárìn méjì tí ṣáfútì jókòó lé (òrùka inú àti òrùka ìta ni bíárìn, pẹ̀lú ọmọ irin rìbìtì láàárín wọn), síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jò, ìdérí, àti bóòtù tó di gbogbo ẹ̀ pọ̀. Gbogbo àpẹẹrẹ tí mo bá fẹ́ fún yín, inú pọ́ǹpù yìí ni màá ti mú un, kó má baà dà yín lójú rú.

Ẹnjiníà ńkọ́, mẹkáníìkì ńkọ́, níbo la wà?

Ẹ wò ó bíi ti aṣọ. Ẹni kan wà tó máa jókòó ya sítáì, tó máa ní kí apá gùn tó báyìí, kí ìdí rí báyìí, ẹnjiníà nìyẹn. Ẹni kan máa gé aṣọ lẹ́yọ lẹ́yọ, ìyẹn ni àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń gé irin, àwọn tọ́nà. Ẹni tó wá kó gbogbo gígé yẹn tó rán an pọ̀ tó di bùbá, tó tún wọ̀ ọ́ wò bóyá ó jókòó, àwa nìyẹn. Mẹkáníìkì ni ọbíọma, èyí tó gbé máṣíìnì léjìká tó ń fi sísọ́ọ̀sì kọ kẹ́kẹ́kẹ́ láàárín àdúgbò, aṣọ tó ti ya lẹ máa gbé fún un.

Ẹ má sì rò pé mo ń fojú kéré wọn o. Iṣẹ́ mẹkáníìkì le ju tèmi lọ lọ́nà kan: ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé wá bá a, ẹni tó ni ín á ní "ó kàn ń dún ni," òun ló máa wá ibi tó ti ń dún. Èmi, gbogbo nǹkan tó dé iwájú mi ló jẹ́ tuntun. Kò sí àìsàn tí mo ń wá, ṣùgbọ́n tí mo bá fi àìsàn sínú ẹ̀, ó lè tó ọdún méjì kó tó jáde, nígbà yẹn mi ò ní sí níbẹ̀, ẹ̀rọ náà á ti wà ní ìlú mìíràn.

Nílé wa ní Nàìjíríà, COREN tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ẹnjiníà gan-an ò kó gbogbo wa pọ̀, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹnjiníà, technologist, technician, àti oníṣẹ́ ọwọ́, oníkálukú sì ní ìwé tiẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò sì ṣàjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá lọ́nà Badagry l'Ékòó, Peugeot náà tò ní Kaduna, nínú àpótí ni ẹ̀yà ọkọ̀ náà máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá nígbà yẹn, ọmọ Nàìjíríà ló ń tò wọ́n tó fi ń di ohun tó ń rìn. Àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ yẹn, tí ẹ bá rí wọn, ẹ bi wọ́n, wọn ò ní pe ara wọn ní mẹkáníìkì.

Kí ló wà nínú pépà tí ẹ ń wò ṣáá?

Pépà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni àwòrán, èyí tó dára jù nínú ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ya bí ẹni pé ẹ̀rọ náà bú gbàmù tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ wá dúró sójú afẹ́fẹ́ ní ìtẹ̀léra, tó fi jẹ́ pé ẹ máa rí wọ́ṣà tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e. Èkejì ni orúkọ gbogbo ẹ̀yà àti iye wọn. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́ni, ìgbésẹ̀ kìíní, ìkejì, títí lọ, ibi tí wọ́n sì ní kí ẹ dúró kí ẹlòmíì wá wò ó, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀. Lẹ́tà kékeré kan máa ń wà ní igun àwòrán, A, B, C, tó ń sọ ìgbà mélòó ni wọ́n ti yí i padà, tí ẹ bá fi àwòrán B to ohun tó ti di C, ẹ ti ṣiṣẹ́ àṣedànù fún odidi ọjọ́ kan nìyẹn.

Mélòó ni "ó ti le"?

Ibí ni gbogbo èèyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣebí kẹ́ ẹ kàn yí bóòtù kó le ni. Ó le tó báwo?

Ẹ wo gèlè. Tó bá rọ̀ jù, ìgbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ló máa yọ. Tó bá le jù, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín kí wọ́n tó pín ìrẹsì. Ibi kan wà láàárín méjèèjì tó tọ́, ẹni tó mọ gèlè wé sì mọ ibẹ̀. Bóòtù náà ní ibẹ̀, àmọ́ a ò fi sílẹ̀ fún ojú ọwọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bóòtù máa ń nà. Irin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń yí i, ṣe ló ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ibi tó ti ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ti ń fún irin méjèèjì pọ̀. Nínà yẹn gan-an ló ń di nǹkan mú. Tẹ́ ẹ bá wá nà án kọjá ààyè ẹ̀, kò ní lè padà mọ́, bíi rọ́bà tó ti gbó, ẹ máa rò pé ó le, àṣé kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ẹ yí orí bóòtù sójú yín, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 8.8 tàbí 10.9. Kì í ṣe sáìsì o. Nínú 8.8, 8 àkọ́kọ́ ń sọ bí agbára tó lè já a ṣe pọ̀ tó, ìkejì ń sọ pé tí ẹ bá ti fà á dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára yẹn, ó ti dé ibi tí kò ti ní padà mọ́. 10.9 lágbára jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù tí mo bá rí ẹni tó ń ṣa bóòtù nílẹ̀ tó ní "ó ṣáà wọlé."

Ohun tí a fi ń wọn líle náà ni sípánà kan tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì, ẹ máa tò ó sí nọ́ńbà tí pépà sọ, tó bá dé ibẹ̀ ó máa ké "kọ́!" lọ́wọ́ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Newton-metre ni orúkọ ìwọ̀n náà. Ká ní sípánà yín gùn tó mítà kan, tẹ́ ẹ wá so ẹrù kílò 10 mọ́ ìdí ẹ̀, agbára tó ń yí bóòtù nígbà yẹn súnmọ́ 100. Bóòtù M12, ìyẹn èyí tó nípọn mílímítà 12, tó jẹ́ 8.8, tí kò lóróró lára, nǹkan bí 80 la sábà máa ń fún un.

Mo ní tí kò lóróró lára, ẹ má fò ó o. Nínú gbogbo agbára tí ẹ fi yí bóòtù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń nà án, èyí tó kù ń bá fífi-ara-ha-ara lọ, lábẹ́ orí bóòtù àti nínú eyín ẹ̀. Bí ìgbà tẹ́ ẹ mú ₦1,000 lọ ọjà, tí ₦900 bá ọkọ̀ lọ, ₦100 ló kù tẹ́ ẹ fi ra ata. Tẹ́ ẹ bá wá fi òróró sí i, owó ọkọ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn, 80 kan náà tẹ́ ẹ fún un á wá ra ata rẹpẹtẹ, ìyẹn ni pé ó máa na bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ, ó tiẹ̀ lè já. Nítorí náà pépà máa ń sọ bóyá gbígbẹ ni tàbí olóróró, tí èèyàn bá sì fi gírísì sí i "kó lè rọrùn," ó rò pé òun ń ṣe dáadáa ni.

Ìtẹ̀léra náà tún wà níbẹ̀. Ìdérí pọ́ǹpù tó ní bóòtù mẹ́jọ, ẹ ò ní fún ti ọ̀tún le tán kẹ́ ẹ tó kọjá sí èyí tó tẹ̀lé e, ẹ máa fò sí èyí tó kọjú sí i, ẹ ó máa kọjá síra wọn, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tó wá fún wọn ní iye tó pé. Fọganáísà tó mọṣẹ́ ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí táyà yín, ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ mìíràn.

Báwo lẹ ṣe ń ki irin tó tóbi bọ ihò tó kéré?

Ẹ dé Ladipo ní Mushin, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní bíárìn 6205. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, 05, ẹ fi márùn-ún ṣe ìlọ́po ẹ̀, ó di 25, ihò àárín ẹ̀ nìyẹn ní mílímítà. 6204 á jẹ́ 20, 6206 á jẹ́ 30. (Láti 04 lọ sókè ni ọgbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má lọ lò ó fún 6203 kẹ́ ẹ wá bú mi, 17 ni tiẹ̀.)

Ṣáfútì tó máa wọ inú ihò 25 yẹn, mélòó ló yẹ kó jẹ́? Ẹ máa ní kó dín díẹ̀ kó lè wọlé. Rárá o. Nínú pọ́ǹpù tèmi, àwòrán ní kó wà láàárín 25.002 sí 25.015. Ó jù ú lọ! Irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 0.07 mílímítà, tẹ́ ẹ bá là á sọ́nà márùn-ún, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń bára wa fà yìí. Tó bá dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíárìn á máa yọ́ yí lórí ṣáfútì á sì jẹ ẹ́, tó bá sì jù, á fún bíárìn látinú, gbogbo ọmọ irin rìbìtì inú ẹ̀ kò ní ráyè yí. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ yìí, ìka ò lè mọ̀ ọ́n, máíkírómítà, ohun tí a fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín, ló ń sọ ọ́.

Ohun tí a ń ṣe ni ohun tí alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe látayébáyé nígbà tó bá ń ki ọkọ́ bọ èèkù, iná ni ọgbọ́n ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tiwa yàtọ̀ díẹ̀, bíárìn là ń mú gbóná lórí ẹ̀rọ kan tó ń lo iná mànàmáná, títí dé nǹkan bí 110 digíríì. Tó bá ti 20 lọ sí 110, ihò 25 yẹn á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.027 mílímítà, ó ti ju ohun tí à ń wá lọ nìyẹn, ó máa yọ́ wọlé wẹ́rẹ́ láìlo hámà, ẹ dì í mú síbẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tutù, ó ti gbá ṣáfútì mú. Iná gáàsì lójúkojú kọ́ o, ìyẹn máa ń ba irin jẹ́.

Kí n jẹ́wọ́ ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ò sí nítòsí, mo mú hámà onírọ́bà mo lu bíárìn wọlé. Òrùka ìta ni mo ń lù. Agbára tí mo fi ń lù ú ń gba inú àwọn ọmọ irin rìbìtì kọjá kó tó dé òrùka inú, mi ò mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń tẹ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọnú. Ó wọlé, mo dùn, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ibi ìdánwò, pọ́ǹpù náà ń kùn hùùù bí oyin. Wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀ líle kankan, wọ́n kan gé bíárìn yẹn sí méjì, wọ́n fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú hàn mí bí àmì ọmọ irin ṣe tò yípo bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná ti bá jà, wọ́n ní kí n gbé e sílé.

Kí ló dé tí ẹ ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí. June 10, 1990, bàálù British Airways kan gbéra ní Birmingham ó ń lọ Málaga ní Sípéènì. Bó ṣe ń gòkè, gíláàsì iwájú awakọ̀ fò yọ, afẹ́fẹ́ sì fa kápútéènì jáde, ara ẹ̀ láti ìbàdí sókè wà níta, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú títí igbákejì ẹ̀ fi gbé bàálù balẹ̀ ní Southampton. Ó yè é, gbogbo wọn yè é.

Wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì yẹn ní wákàtí 27 ṣáájú. Bóòtù 90 ló dì í mú, 84 nínú wọn ló tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìdajì mílímítà ó lé díẹ̀ péré. Mẹ́fà tó kù kúrú jù. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ọ̀gá ni, òru ló fi ṣe é. Ó yọ bóòtù àtijọ́, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó bóòtù sí, ó fi ojú wá èyí tó jọ ọ́ níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kò ṣí ìwé tó kọ irú bóòtù tó yẹ wo. Àti pé bóòtù àtijọ́ tó fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn gan-an kúrú jù, ẹlòmíì ti ṣe àṣìṣe tiẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti Alaska wá yàtọ̀ díẹ̀. Ara bàálù yẹn, iléeṣẹ́ Spirit AeroSystems ní Wichita l'Amẹ́ríkà ló ṣe é, Boeing sì tò ó pọ̀ ní fàktírì wọn ní Renton. Nígbà tó dé Renton wọ́n rí rífẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ìyẹn ìṣó tí wọ́n fi ń kan irin pọ̀, tí kò dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì yẹn, wọ́n sì ní láti ṣí pánẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó ráàyè tún wọn ṣe. Wọ́n yọ bóòtù mẹ́rin, wọ́n tún rífẹ́ẹ̀tì ṣe, wọ́n ti pánẹ́ẹ̀lì padà. Kò sí pépà kankan tó sọ pé ẹnì kan ṣí i. Pé kò sí pépà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó ní láti fi inú bàálù bò ó kàn bò ó ni.

Èsì tí mo padà fún Àǹtí mi nìyẹn: bóyá ẹni tó yọ bóòtù gbàgbé o, bóyá sáà iṣẹ́ ẹ̀ parí ó lọ sílé o, èèyàn á máa gbàgbé, a mọ̀. Pépà ló yẹ kó rántí. Nítorí náà tí mo bá fún bóòtù kan le tán, mo máa fi péńtì fa ìlà láti orí bóòtù dé ara irin tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí ìlà yẹn bá yẹ̀, ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ á mọ̀ pé ó ti yí. Mo máa kọ nọ́ńbà tọ́ọ̀kì tí mo lò, ọjọ́, àti orúkọ mi. Tí mo bá sì tú ohun tí mo ti tò, kódà bóòtù kan ṣoṣo, màá kọ ọ́ kí n tó tú u.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọṣẹ́ yìí?

Nílé, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé NABTEB, tàbí ND láti pọlí, lọ̀nà tó tààrà jù. Ní ìlú Ọba, kíkọ́ṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ ló wọ́pọ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á máa sanwó fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ ọ, kilaasi lọ́jọ́ kan, fàktírì lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ti gba fríídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì máa ń yára mọ̀ ọ́n torí ọwọ́ ẹ̀ ti mọ irin, ohun tó máa ń le fún un ni àtigbàgbé "mo ti ń ṣe é báyìí tipẹ́." Ìdúró pọ̀ nínú ẹ̀. Ó sì lè sú èèyàn, pọ́ǹpù kan náà ní ìgbà ogójì lóṣù, ìgbà tó bá ti sú yín gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tèmi, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan pọ́ǹpù kankan. Wọ́n kó bóòtù ogún síwájú mi, àwọn mìíràn gbẹ, àwọn mìíràn lóróró, wọ́n fún mi ní sípánà lásán, wọ́n ní kí n máa yí wọn títí wọ́n á fi já, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ìyà ni. Ẹ máa yí i, á máa le sí i, á máa le sí i, lójijì á rọ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ó ti gbà fún yín, tẹ́ ẹ bá wá yí i díẹ̀ sí i, pá. Nígbà tí mo já ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ mi ti mọ ibi tó ti ń rọ̀ yẹn kó tó dé, ìgbà yẹn ni wọ́n gba sípánà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé tọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ó yá, má gbára lé ọwọ́ ẹ mọ́."